Méje sí Mẹ́ta: Ìtàn Àríyànjiyàn Lórí Ta Ló Lè Na Ta Nínú Géèmù Ìjà

Kò sí ibi tí ọ̀dọ́ méjì ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan, tí wọ́n ń gbá géèmù ìjà, tí àríyànjiyàn kì í wáyé. Ẹni tí wọ́n nà kì í sábà gbà pé ọwọ́ òun ló kù díẹ̀ káàtó. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹni tí o mú yẹn ló nà mí, kì í ṣe ìwọ." Ẹni tó nà á á ní irọ́ ni, pé bí àwọn bá tilẹ̀ pààrọ̀, òun á ṣì nà án. Báyìí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: lágbájá lè na tàmẹ̀dù, tàmẹ̀dù kò lè rí làkáṣègbè gbé ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán nìyẹn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ja iyàn yìí ní Japan, ní Amẹ́ríkà, ní Pakistan àti ní àdúgbò wa níbí. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ti fi nọ́ńbà sí i, wọ́n sì ti torí rẹ̀ fòfin de àwọn kan. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ tọ ìtàn rẹ̀ láti 1991 títí wọ àsìkò tiwa. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára kì í ṣe òfin tí ẹnikẹ́ni kọ sínú ẹ̀rọ. Àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn kan mọ̀ ní àkókò kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ló kọ ọ́, àwọn wo ni kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu kò lórí orúkọ mẹ́ta. Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀, ẹ̀dá-ìtàn la máa ń pe ẹni tí ìtàn dá lé lórí. Níbí, ẹni tó ń jà lójú tẹlifíṣọ̀n la ó máa pè ní oníjà. Ẹni tó di páàdì mú ńkọ́? A ó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ayò: bó bá mọ̀ ọ́n gbá, ọ̀ta ni, bí kò bá mọ̀ ọ́n, òpè ni. Bí oníjà méjì bá sì dojú kọ ara wọn, ìpàdé ni a ó pè é.

Ẹni mẹ́jọ tí ìjà wọn kò dọ́gba

Ní 1987 ni ilé-iṣẹ́ Capcom ní Japan gbé Street Fighter àkọ́kọ́ jáde. Nínú rẹ̀, Ryu ni ẹni àkọ́kọ́ ń lò, Ken ni ẹnì kejì ń lò, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì lè ṣe. Kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ jiyàn lé lórí níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ju tẹnì kejì lọ ló máa borí.

Ìgbà tí Street Fighter II dé ní 1991 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Oníjà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè mú: Ryu, Ken, Chun-Li, Guile, E. Honda, Blanka, Zangief àti Dhalsim. Yàtọ̀ sí Ryu àti Ken tí wọ́n ṣì jọ ara wọn bí ìbejì, kò sí méjì tí ìjà wọn bá ara wọn mu. Apá àti ẹsẹ̀ Dhalsim máa ń gùn, á sì fi lu ẹni tó wà lókèèrè. Iná mànàmáná máa ń jáde lára Blanka. Zangief ní tirẹ̀ kò ní ohun kankan tó lè jù láti ọ̀nà jíjìn. Àfi kó sún mọ́ ènìyàn, kó gbá a mú, kó tó lè ṣe é léṣe.

Ohun mìíràn tún wà tó dá iyàn sílẹ̀. Nínú ẹ̀dà 1991 yẹn, ẹni méjì kò lè mú oníjà kan náà. Bí èmi bá ti mú Guile, ìwọ gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ìbéèrè "ta ló lè na Guile?" fi di ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kejì, Champion Edition, jáde ní 1992 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí Guile bá Guile jà, wọ́n sì tún gbà kí ènìyàn lè mú àwọn ọ̀gá mẹ́rin tí wọ́n máa ń dúró dè é ní ìparí géèmù. Ṣùgbọ́n nígbà náà, iyàn ti mọ́ àwọn ènìyàn lára.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìpàdé kan yẹ̀ wò, ìpàdé Guile àti Zangief, nítorí òun ni àpẹẹrẹ tí àwọn àgbà ọ̀ta kì í gbàgbé. Guile máa ń lóṣòó sí ẹ̀yìn. Bó bá ti fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, tó wá tì í síwájú, á ju Sonic Boom, afẹ́fẹ́ kan tó mú bí abẹ, sí ọ̀tá. Bí Zangief bá fẹ́ fò kọjá lórí rẹ̀, Guile á ta ìpá tó yí bírí, èyí tí wọ́n ń pè ní Flash Kick, á sì já a lulẹ̀ láti òfurufú. Bí Zangief bá dúró sójú kan, Sonic Boom mìíràn ti ń bọ̀. Zangief lè na apá méjèèjì kó máa yí bí òkòtó kí Sonic Boom lè gba ara rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ọ̀nà ṣì jìn.

Síbẹ̀, Guile kò gbọdọ̀ sùn. Bí Zangief bá fi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń lò ó á yí ọ̀pá ìdarí po bíríkítí, Zangief á gbé Guile sókè, á sì fi orí rẹ̀ gún ilẹ̀. Ẹ̀mí tí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ máa ń gbà pọ̀ gan-an. Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Nítorí náà, Zangief kì í ṣe ẹni tí kò lè borí. Ẹni tó gbọ́dọ̀ jìyà púpọ̀ kó tó borí ni. Báwo wá ni ènìyàn ṣe máa sọ èyí ní ọ̀rọ̀ kúkúrú fún ẹni tí kò tíì gbá a rí?

Bí nọ́ńbà ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà

Owó ló sọ iyàn di ìmọ̀. Ilé géèmù ni wọ́n ti ń gbá Street Fighter II nígbà náà, lára ẹ̀rọ ńláńlá tó ń gba owó ẹyọ. Ẹni tó bá borí á dúró, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde tàbí kó tún san owó. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ara wọn ni ẹni méjì máa ń dúró sí níwájú ẹ̀rọ kan, ẹni tó bá sì ń dúró de ìjà tó kàn á fi owó ẹyọ rẹ̀ lélẹ̀ létí ẹ̀rọ láti fi gba àyè. Ní Japan, wọ́n máa ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀ kí wọ́n kẹ́yìn síra wọn, ènìyàn lè má tilẹ̀ rí ojú ẹni tó ń nà án. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹni tí kò mọ ìpàdé tó dára fún òun àti èyí tí kò dára, àpò rẹ̀ ló ń gbẹ.

Ní Japan ni wọ́n ti fi nọ́ńbà sí i. Ìwé ìròyìn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gamest, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tó sì kógbá wọlé ní 1999. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣàlàyé géèmù inú ilé géèmù. Nínú irú àwọn ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni àtẹ ìpàdé ti gbilẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará Japan ń pe àtẹ náà, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe àtẹ àkókò ọkọ̀ ojú irin ni: orúkọ oníjà wà lápá òsì, ó tún wà lókè, nọ́ńbà sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan níbi tí ìlà méjì ti pàdé.

Ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn rọrùn. Ká ní ọ̀ta méjì tí ọwọ́ wọn dọ́gba jà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀melòó ni oníjà yìí máa borí? Bí wọ́n bá kọ 5 sí 5, ìpàdé náà dọ́gba. 6 sí 4, ọ̀kan fi díẹ̀ ju èkejì lọ. 7 sí 3, ẹni tó ní 3 gbọ́dọ̀ lààgùn. Bó bá di 8 sí 2, ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn pààrọ̀ oníjà ni.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ro nọ́ńbà inú ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀. Oníjà mẹ́jọ tó wà ní 1991, ìpàdé 28 ló lè ti ara wọn jáde, tí a kò bá ka ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jà. Oníjà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tá 7. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, márùn-ún lọ́nà méje yóò fún un ní 35. Ẹni tó bá ní ju 35 lọ lágbára, ẹni tí kò bá tó o kò lágbára. Nígbà tí oníjà di 12 ní 1992, ìpàdé di 66. Nígbà tí Super Street Fighter II dé ní 1993 tí wọ́n di 16, ìpàdé di 120. Kò sí ẹni tó lè dá nìkan mọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀ta gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀, kí ẹni tó mọ Dhalsim sọ ti Dhalsim, kí ẹni tó mọ Honda sọ ti Honda.

Ibí gan-an ni àríyànjiyàn ti le jù. Ẹni tó ń lo Honda á ní ìyà ń jẹ òun; ẹni tó ń lo Guile á ní òun kò rí ìyà kankan níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ níkẹyìn, àdéhùn ni. Àbùkù mìíràn tún wà lára ìṣirò náà. Ó ka gbogbo ìpàdé sí ọgbọọgba, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣẹlẹ̀ lọ́gbọọgba. Bó bá jẹ́ pé Guile ni ìdajì àwọn tó wà ní ilé géèmù àdúgbò rẹ ń mú, ìpàdé rẹ pẹ̀lú Guile nìkan lè ba gbogbo ọjọ́ rẹ jẹ́, ohunkóhun tí àròpọ̀ ìbáà máa wí. Àtẹ kan náà, ní àdúgbò méjì, lè ní ìtumọ̀ méjì.

Ẹni tí wọ́n lé jáde

Ní 1994, Super Street Fighter II Turbo jáde, oníjà kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi pa mọ́. Akuma ni orúkọ rẹ̀. Kí ènìyàn tó lè mú un, ó gbọ́dọ̀ mọ àṣírí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Akuma lè fò sókè kó sì máa ju iná wá sílẹ̀ láti òfurufú. Púpọ̀ nínú àwọn oníjà tó kù kò ní ohun kankan tí wọ́n lè fi dá a lóhùn. Àtẹ kò wúlò fún un: ìlà rẹ̀ ì bá kún fún nọ́ńbà tí kò ní iyàn nínú.

Nínú ìdíje Amẹ́ríkà, wọ́n fòfin dè é. Ní Japan, àwọn ọ̀ta fohùn ṣọ̀kan láti má ṣe mú un. Kì í ṣe Capcom ló pàṣẹ. Àwọn tó ń gbá géèmù náà ló jókòó, tí wọ́n rò ó, tí wọ́n sì gbà pé bí Akuma bá wọlé, kò ní sí ìdí kankan tí ènìyàn á fi mú ẹlòmíràn mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ irú òfin bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí Tekken 3 gbòde lórí PlayStation, Eddy Gordo, ará Brazil tó máa ń fi ẹsẹ̀ jà bí ẹni ń jó, ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọmọdé. Òpè á kàn máa tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ láìwo ojú tẹlifíṣọ̀n, Eddy á sì máa yí po, á máa gbá ènìyàn kiri. Ni wọ́n bá ṣòfin pé, "Eddy ò sí o!" Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín òfin méjèèjì yìí. Àwọn tó fòfin de Akuma ti wá ìdáhùn títí, wọn kò rí. Àwa tí a fòfin de Eddy kò tíì wá a rárá. Ẹni tó bá fara balẹ̀, tó mọ ìpá tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀ lókè, tó dúró di ìgbà tí Eddy bá ta èyí tó kẹ́yìn tán, á rí àyè nà án dáadáa. Òfin Akuma wá látinú ìmọ̀. Ti Eddy wá látinú ìrora. Nínú ìtàn ìpàdé, ohun méjèèjì yìí máa ń jọ ara wọn, ó sì yẹ kí a máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tí àtẹ sọ, ohun tí ọwọ́ ṣe

Ní 1996, àwọn ènìyàn bí ogójì péjọ sí Sunnyvale ní California fún ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Battle by the Bay. Ìdíje yẹn ló di Evo ní 2002, èyí tó di àjọ ńlá fún gbogbo àwọn tó ń gbá géèmù ìjà lágbàáyé. Kí ó tó di ìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní àtẹ tirẹ̀. Ará New York lè gbà pé ìpàdé kan jẹ́ 7 sí 3, kí ará Tokyo ní 5 sí 5 ni. Kò sí ẹni tó lè já a fún wọn, nítorí wọn kì í pàdé. Evo ló gbé wọn pàdé.

Ìjà tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nínú ìtàn yìí wáyé ní Evo 2004, ní Pomona ní California. Géèmù náà ni Street Fighter III: 3rd Strike, tó jáde ní 1999. Justin Wong, ará Amẹ́ríkà, mú Chun-Li. Daigo Umehara, ará Japan, mú Ken. Chun-Li àti Yun ni àwọn ọ̀ta máa ń fi sókè pátápátá nínú àtẹ géèmù yẹn. Ken lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ló wà.

Ẹ̀mí Ken ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó kù tíntín, débi pé bó bá tilẹ̀ dènà ìkọlù pàtàkì kan, díẹ̀ tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lára ẹni tó ń dènà ti tó láti pa á. Wong rí i, ó sì tú ìpá Chun-Li lé e lórí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Nínú 3rd Strike, bí ènìyàn bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú ní àkókò gan-an tí ìpá fẹ́ balẹ̀, ìpá náà kò ní dùn ún rárá. Bó bá yá jù, ó kú. Bó bá pẹ́ jù, ó kú. Daigo ṣe é fún gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì dá a padà fún Chun-Li pẹ̀lú ìkọlù tirẹ̀. Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn ṣì wà nínú fídíò títí dòní.

Àwọn kan máa ń fi ìjà yẹn jẹ́rìí pé àtẹ kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Daigo kò gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún náà. Kenji Obata, ará Japan mìíràn, ló nà án ní àṣekágbá, Yun ló sì mú, oníjà tó wà lókè àtẹ. Nítorí náà, ohun méjì ni ọdún 2004 kọ́ wa. Èkínní, àtẹ kò lè sọ bí ìjà kan ṣoṣo ṣe máa parí. Èkejì, ìjà kan ṣoṣo kò lè fa àtẹ ya. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni àtẹ ń sọ. Ẹyọ kan ni ojú wa rí.

Ọwọ́ kan lórí Yoshi

Bí ìjà kan kò bá lè yí àtẹ padà, kí ló wá lè yí i padà? Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń yí i padà fúnra wọn. Láyé ìsinsìnyí, àtúnṣe máa ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá: wọ́n á dín agbára ẹni tó le jù kù, wọ́n á sì gbé ẹni tó ń jìyà sókè. Leroy Smith wọ Tekken 7 ní ìparí 2019. Nígbà tí wọ́n ṣe Evo Japan ní oṣù kìíní 2020, òun ni púpọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn mú, Book, ará Thailand tó gba ife-ẹ̀yẹ, náà sì mú un. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dín agbára rẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo géèmù tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò dé rí. Super Smash Bros. Melee, tí Nintendo gbé jáde ní 2001, oníjà 26 ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń gbá a ti kọ àtẹ ipò lóríṣiríṣi láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn àtẹ ìgbà àárọ̀, Sheik ló wà lókè. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Fox gba ipò náà. Jigglypuff, nǹkan roboto aláwọ̀ osùn tí àwọn ènìyàn ń fi rẹ́rìn-ín, ń gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí Juan DeBiedma, tí wọ́n ń pè ní Hungrybox, fi lò ó gba Evo ní 2016. Ti Yoshi wá yani lẹ́nu jù. Ó pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Ará Japan kan tó ń jẹ́ aMSa kò gbà. Yoshi ló ń lò, ọdún dé, ọdún lọ. Ó kọ́ bí Yoshi ṣe lè dá ìkọlù dúró ní ìṣẹ́jú àáyá tó bára mu gẹ́ẹ́, ohun tó ti wà nínú géèmù náà láti ọjọ́ kìíní, tí ó ṣòro débi pé àwọn ènìyàn kò kà á sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè máa ṣe léraléra. Ní oṣù kẹwàá 2022, aMSa fi Yoshi gba The Big House, ọ̀kan lára àwọn ìdíje tó tóbi jù fún géèmù náà.

Ọdún mọ́kànlélógún ni géèmù náà ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Yoshi tó wà níbẹ̀ ní 2001 náà ló wà níbẹ̀ ní 2022. Ohun tó yí padà ni ohun tí ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó kọ Yoshi sí ìsàlẹ̀ kò purọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tí wọ́n kọ bí ẹni ń ka òfin, tó sì torí rẹ̀ jáwọ́, kò ní mọ ohun tó pàdánù.

Àwọn tí kò sí níbẹ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa Tekken, South Korea àti Japan ni ẹnu máa ń wà. Ọ̀ta ibẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè bí ìpàdé ṣe rí. Ní oṣù kejì 2019, Arslan Ash, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Lahore ní Pakistan, wá sí Evo Japan ní Fukuoka. Wàhálà ìwé ìrìnnà àti ti ọkọ̀ òfurufú kò jẹ́ kó tètè dé. Nígbà tó dé, ó mú Kazumi, ó sì na gbogbo wọn. Ó wá sọ ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: pé àwọn mìíràn wà nílé tí wọ́n lágbára bíi tòun. Knee, àgbà ọ̀ta South Korea, rin ìrìn-àjò lọ sí Pakistan láti lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Arslan Ash àti Knee pàdé ní àṣekágbá Evo ní Las Vegas. Arslan Ash ló borí.

Ẹ ronú sí i. Gbogbo àtẹ Tekken 7 tí wọ́n kọ ṣáájú oṣù yẹn, a kọ ọ́ láìka Lahore kún un. Ìmọ̀ kò sí ní Lahore ni? Ó wà. Físà ni kò sí. Àwa tí a ń gbá géèmù ní ibi tí iná ti ń lọ láàárín ìjà, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń fà bí ìgbín, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Bí orúkọ ìlú kan kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọn kò rówó ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ pé àtẹ kan wà nínú ọgbà yunifásítì tí kò sí lára pátákó kankan. Ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ òfin wà lókè rẹ̀. Bí a bá dárúkọ ẹ̀ka tiwa, àwọn kan á ní, "Yorùbá kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ìpàdé Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, lójú wọn, 8 sí 2 ni, wọ́n sì ti parí ìṣirò.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ìpàdé yẹn wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Yorùbá tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹni tó máa mú un, tí yóò sì lò ó fún ọdún mẹ́fà láìjáwọ́, ni kò tíì sí.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da àtẹ nù. Ẹni tó ń lo Zangief tí kò mọ̀ pé ìpàdé òun àti Guile burú, á kàn máa fò wọ inú Flash Kick ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àtẹ ṣe é kà, ó sì yẹ ní kíkà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá fi nọ́ńbà han yín pé bí nǹkan ṣe rí nìyí, bóyá lórí géèmù ni o, bóyá lórí iṣẹ́ tí ẹ yàn, ẹ bi í léèrè ọdún tí wọ́n kọ ọ́, àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n kà kí wọ́n tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páàdì.